Ewé ẹ̀gẹ́ ń fi oòrùn ṣòfò: Tí wọ́n bá tún un ṣe, ta ni yóò ni igi rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Johannesburg, ní South Africa, sọ níbi ìpàdé wọn rèé.

Alága ní kí n má pẹ́ jù nítorí pé oúnjẹ ti ń jinná lọ, mo sì ti gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ láti ibi oúnjẹ.

Ìlú pap la wà yìí. Ẹni tó bá ti lo oṣù kan péré ní Johannesburg ti jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ẹran sísun tàbí pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Tí ẹ bá délé lónìí, ẹ mú àpò ìyẹ̀fun àgbàdo tó wà ní kíṣìnnì yín, ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti kéré jù. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí i kà pé àgbàdo tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà wà nínú rẹ̀. Ju ìdá 80 nínú 100 àgbàdo tí wọ́n ń gbìn ní South Africa ló jẹ́ irú rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2001 ni wọ́n sì ti ń gbin irú èyí tó jẹ́ funfun, èyí tí a fi ń ṣe pap.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Èmi náà ń jẹ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé iṣẹ́ méjì péré ni jíìnì inú àgbàdo yẹn ń ṣe jùlọ: kí kòkòrò má lè jẹ igi rẹ̀, àti kí oògùn apakoríko má pa á nígbà tó bá ń pa koríko tó yí i ká. Ìyípadà tí mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọ̀nà tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ gan-an ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ tún ṣe. Lára irúgbìn tí wọ́n sì ń wò ni ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́. Tiwa nìyẹn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ewé?

Àwọn tó ṣe Agric ní sẹ́kọ́ńdìrì yóò rántí ọ̀rọ̀ kan tí a há sórí láì mọ̀ ọ́n dáadáa: photosynthesis. Ìdáná ewé ni. Ewé ni ilé ìdáná, oòrùn ni iná. Omi tí gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí à ń mí jáde ni èlò. Ohun tó ń jinná níbẹ̀ ni ṣúgà, inú ṣúgà yẹn ni ewéko sì ti ń ṣe igi, èso, àti sítáàṣì tó ń di ẹ̀bà níwájú yín. Ọ́síjìn tí à ń mí sínú, èéfín ilé ìdáná náà ni.

Ṣùgbọ́n olùdáná yìí máa ń fi iná ṣòfò. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé tí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ewé irúgbìn bíi ẹ̀wà tàbí ìrẹsì lè sọ ìdá 4.6 nínú 100 agbára oòrùn tó bá bọ́ lé e lórí di ara rẹ̀. Ti àgbàdo àti ìrèké lè tó 6. Lóko gidi, ọ̀pọ̀ irúgbìn kì í dé ìdajì iye yìí. Ibo ni ìyókù ń lọ? Ọ̀nà ìfiṣòfò náà pọ̀, àmọ́ méjì ni mo fẹ́ mú.

Nínú ewé, ohun kan wà tó ń jẹ́ Rubisco. Òun ló ń gbá carbon dioxide mú kí ìdáná lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi í wé kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀, n'Ìbàdàn. (Taxi ìlú yìí kò ní kọ̀ńdọ́, èrò tó bá jókòó síwájú ló ń ṣírò owó, nítorí náà ẹ bá mi padà sí Ìbàdàn fún ìṣẹ́jú kan.) Iwo Road ni kọ̀ńdọ́ yìí ń pè. Àmọ́ nínú èrò márùn-ún tó bá fà wọlé, ọ̀kan á jẹ́ ẹni tó ń lọ sí Mọ́níyà. Ọkọ̀ á ṣẹ́rí padà, wọ́n á lọ já ẹni yẹn sílẹ̀, epo á jó, àsìkò á lọ. Carbon dioxide ni èrò Iwo Road. Ọ́síjìn ni èrò Mọ́níyà. Bí ooru bá ṣe ń mú sí i ni àṣìṣe náà ń pọ̀ sí i, àwa tí ilẹ̀ wa gbóná la sì ń jẹ gbèsè rẹ̀ jù.

Kì í ṣe pé Rubisco ya òmùgọ̀ o. Nígbà tó kọ́kọ́ délé ayé, ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, ọ́síjìn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú afẹ́fẹ́ rárá. Kò tíì sí èrò Mọ́níyà nígbà yẹn. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké ti dá ọgbọ́n sí i fúnra wọn: wọ́n ń kó carbon dioxide jọ sí kọ̀rọ̀ kan nínú ewé kí ọ́síjìn má baà ráyè. Ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, iṣu, sóyà àti ìrẹsì kò ní ọgbọ́n yẹn.

Ọ̀nà ìfiṣòfò kejì ni mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé, nítorí pé ẹ lè fojú inú rí i. Tí oòrùn ọ̀sán gangan bá ń mú, ìmọ́lẹ̀ máa ń pọ̀ ju ohun tí ewé lè lò lọ, ó sì lè jó o. Ewé á wá ṣí agboòrùn. Ohun tó kù lára ìmọ́lẹ̀ náà, á tú u dànù bíi ooru. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Àmọ́ ká ní ìkùukùu bo oòrùn, tàbí atẹ́gùn gbé ewé òkè wá ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, ó yẹ kí agboòrùn yẹn pa dé lójú ẹsẹ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó lè gbà á ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè tó ààbọ̀ wákàtí. Ẹ wo ẹni tó wà lábẹ́ ibòji tó ṣì gbé agboòrùn lé orí.

Nínú oko tí ewé ti ń ṣíji bo ara wọn, tí atẹ́gùn ń fẹ́, oòrùn àti ibòji á máa ṣe pààrọ̀ ní gbogbo ìgbà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìdáná tí irúgbìn ń pàdánù nípa agboòrùn tí kò tètè pa dé yìí nìkan, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí láàárín ìdá 7.5 sí 30 nínú 100.

Láti orí tábà dé orí sóyà

Lọ́dún 2012, Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Long àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Illinois, l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní RIPE. Àjọ Gates Foundation ló kọ́kọ́ gbé owó sílẹ̀ fún un. Tábà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí ayé mu sìgá sí i, àmọ́ jíìnì tábà kò nira láti yí padà, ewé rẹ̀ sì máa ń bo ara wọn lóko bíi ti irúgbìn oúnjẹ.

Wọ́n fi jíìnì mẹ́ta kún un, èyí tó ń mú kí agboòrùn ewé tètè pa dé. Èsì tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2016 ni pé nínú oko gbangba, tábà náà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá 14 sí 20 nínú 100. Lọ́dún 2019, àwọn mìíràn nínú ikọ̀ náà kọjú sí ọ̀rọ̀ kọ̀ńdọ́. Wọn kò lè dá a dúró kó má fa èrò Mọ́níyà wọlé, àmọ́ wọ́n la ọ̀nà àbùjá kan tí ọkọ̀ lè gbà já èrò náà kíákíá láì jó epo púpọ̀. Tábà yẹn fi ìdá tó lé ní 40 nínú 100 tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Tábà kì í ṣe oúnjẹ. Sóyà ni ìdánwò gidi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ikọ̀ tí Amanda De Souza ṣíwájú rẹ̀ kéde pé sóyà tí agboòrùn ewé rẹ̀ ń tètè pa dé mú èso jáde ní ìdá 24.5 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí a bá pín in dọ́gba, èyí tó ṣe dáadáa jù nínú wọn sì dé 33. Ìròyìn náà gba ayé kan.

Ọdún 2020 ni wọ́n kórè sóyà yẹn. Wọ́n tún gbìn ín lọ́dún 2021. Ìjì dé, ó tẹ́ irúgbìn náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ kankan tó dájú láàárín èyí tí wọ́n yí padà àti èyí tí wọn kò yí padà. Àwọn onímọ̀ náà kò fi pamọ́ o, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Àwa akọ̀ròyìn ni ká bi. Mo mọ bó ṣe máa ń rí ní yàrá ìròyìn: 33 ló máa ń wọ àkọlé, ìjì a máa wà ní ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹni tó ń fi fóònù ka ìròyìn nínú bọ́ọ̀sì kì í sì í débẹ̀.

Èyí tó jọ tiwa jù jáde ní ìparí ọdún 2024, lórí pòtétò, èyí tí a máa ń pè ní àìríìṣì. Wọ́n fún un ní ọ̀nà àbùjá kọ̀ńdọ́ yẹn. Ní ọdún 2022, nígbà tí ooru líle bá oko náà, pòtétò tí wọ́n tún ṣe ta ní ìdá 30 nínú 100 ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Abẹ́ ilẹ̀ ni pòtétò ti ń kó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí, bíi ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá rí èsì yẹn, tó sì mọ bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i nílẹ̀ wa, kò ní fojú yẹpẹrẹ wo iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀gẹ́ wá ńkọ́?

Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kò sí àgbẹ̀ kankan ní ilẹ̀ Yorùbá tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n tún ìdáná ewé rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín lórí WhatsApp, ẹ má dá a lóhùn.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n wo ibi tí ẹ̀gẹ́ ti ń kùnà. Lọ́dún 2020, De Souza, Long àti àwọn mìíràn gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí oríṣiríṣi ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n rí i pé tí oòrùn àti ibòji bá ń ṣe pààrọ̀, ohun tó ń dá ẹ̀gẹ́ dúró jù ni ihò wínníwínní ara ewé, níbi tí carbon dioxide ń gbà wọlé. Wọn kì í tètè ṣí. Iná ti tàn, ìkòkò ti wà lórí ààrò, àmọ́ ẹni tó ń gbé èlò bọ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n ṣe fún sóyà lè má jẹ́ ohun tí ẹ̀gẹ́ nílò jù.

Ìṣòro mìíràn tún wà tó sún mọ́ wa níhìn-ín. Ní Braamfontein, níbi tí yunifásítì Wits wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chrissie Rey àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́. Ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, nítorí pé South Africa kì í ṣe ìlú ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Sítáàṣì ló jẹ́ kí wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí i, pẹ̀lú àrùn mòsáíìkì, èyí tó máa ń jẹ́ kí ewé ẹ̀gẹ́ kákò kó sì ní àbàwọ́n ìyeyè. Lọ́dún 2013, wọ́n gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n lè gbà fi jíìnì sínú ẹ̀gẹ́ kan tó ń jẹ́ T200, tí wọ́n ń gbìn ní apá gúúsù Áfíríkà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn kì í ki abẹ́rẹ́ bọ igi ẹ̀gẹ́ nínú oko. Wọ́n á gé ẹ̀rún kékeré lára rẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ nínú ìgò títí yóò fi di ohun rọ̀bọ̀tọ̀ kan tí kò ní ewé tí kò ní gbòǹgbò, wọ́n á fi jíìnì tuntun sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi oúnjẹ àti oògùn tàn án kó tún di odidi igi.

Nínú àwọn ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni ọ̀kan láti Nàìjíríà tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ TME 7. Orúkọ rẹ̀ gan-an, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé wọn, ni Oko-iyawo. Wọn kò fi àmì sí i. Ẹ̀yin lẹ lè pinnu bóyá ọkọ ìyàwó ni tàbí oko ìyàwó, mo ti rí i pé ẹ ti ń jiyàn rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé àrùn mòsáíìkì kì í ràn án. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí kéde ohun kan tó bani lẹ́rù díẹ̀: nígbà tí wọ́n gba Oko-iyawo àti méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá nínú ìgò yẹn, tí wọ́n sì tún di igi padà, ààbò tí wọ́n ní lọ́wọ́ mòsáíìkì ti lọ. Wọn ò tiẹ̀ tíì fi jíìnì kankan kún àwọn kan nínú wọn. Ìrìnàjò inú ìgò yẹn nìkan ló gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, lọ́dún 2022, ni wọ́n tó rí jíìnì tó wà nídìí ààbò náà. Ní báyìí wọ́n mọ ohun tí wọ́n lè máa ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ká ní ẹnì kan ti sáré gbé ẹ̀gẹ́ tó ń lo oòrùn dáadáa fún àwọn àgbẹ̀ Ìwó tàbí Ṣakí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ààbò rẹ̀ ti lọ. Ewé tó ti kákò, iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi oòrùn ṣe?

Ta ni yóò ni igi náà?

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe àgbàdo. A kì í ra irúgbìn rẹ̀ nínú àpò. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín á lọ bá aládùúgbò rẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní igi ẹ̀gẹ́ yín yẹn," wọ́n á gé e fún un, á dì í sẹ́yìn ọ̀kadà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ tí Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Korea tó ṣiṣẹ́ ní IITA n'Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, mú jáde nípa pípọn irú kan mọ́ òmíràn ṣe tàn káàkiri. Àwọn ará Ìkirè fi í jẹ Ṣẹ́ríkí Àgbẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi àgbẹ̀ léèrè ìwé àṣẹ kó tó gé igi fún ọmọ ìyá rẹ̀.

Ohun tí RIPE àti àwọn tó ń gbé owó fún un sọ ni pé wọn kò ní gba owó àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ní ilẹ̀ Áfíríkà, pé iṣẹ́ náà yóò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo gbà pé wọ́n fi òótọ́ inú sọ ọ́. Nàìjíríà ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tí àwọn onímọ̀ ní Institute for Agricultural Research ní Zaria ṣiṣẹ́ lé lórí, ní jíìnì kan tó ń pa kòkòrò tó ń lu èso ẹ̀wà. Monsanto ló ni jíìnì yẹn, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ láì gba owó. Ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà náà lọ́dún 2019, wọ́n sì gbé e jáde fún àgbẹ̀ ní Kano ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Àgbẹ̀ lè tọ́jú lára èso rẹ̀ kó tún un gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Àmọ́ ohun tí ojú mi ti rí ní orílẹ̀èdè yìí kò jẹ́ kí n fi ọkàn sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ará ibí ti fi ohun tó lé ní ogún ọdún gbé pẹ̀lú irúgbìn olójíìnì, wọ́n sì ní òfin tó dúró lórí rẹ̀ láti ọdún 1997. Síbẹ̀, lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ kéde pé kòkòrò tó ń lu igi àgbàdo ti ń mọ́ jíìnì tó yẹ kó pa á lára ní àwọn oko kan. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín nígbà náà. Àgbẹ̀ tó ti san owó irúgbìn tó wọ́n tún wá ń ra oògùn kòkòrò.

Ẹ tún gbọ́ ti ilé ẹjọ́. Lọ́dún 2015, ìjọba South Africa fọwọ́ sí àgbàdo Monsanto kan tí wọ́n ní ó lè fara da ọ̀dá. Àjọ kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nílùú Johannesburg yìí, African Centre for Biodiversity, tí Mariam Mayet dá sílẹ̀, kò gbà. Wọ́n pe ẹjọ́, wọ́n pàdánù ní Pretoria, wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ Supreme Court of Appeal ní Bloemfontein fagi lé àṣẹ náà. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé àgbàdo yẹn ń pa èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u sí yín lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé àwọn aláṣẹ kò ṣe ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe nípa àyẹ̀wò ewu tó lè ṣe fún àyíká kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.

Ọdún mẹ́sàn-án ló gbà kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yanjú, fún àjọ tó ní lọ́yà tó sì ní ọ́fíìsì. Ta ni yóò bá àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Kétu lọ sí irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a béèrè fún àdéhùn náà ní kíkọ nísinsìnyí, kí igi ọ̀hún tó dé: pé àgbẹ̀ lè gé e, lè fún ẹlòmíràn, lè tà á, kódà tí ilé iṣẹ́ mìíràn bá ra ẹni tó ni jíìnì náà lọ́la. Monsanto tí mo ń dárúkọ yìí, Bayer ti rà á láti ọdún 2018. Ẹni tó ṣe ìlérí fún ọ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la.

Oòrùn nìkan kọ́ ló ń dá àgbẹ̀ dúró

Kò yẹ kí n parí láì sọ èrò àwọn tó ní iṣẹ́ yìí kò lè yanjú ebi. Lọ́dún 2019, Thomas Sinclair àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní North Carolina State University kọ ọ́ gbangba pé kò dájú pé fífi kún ìdáná ewé ni ọ̀nà àbáyọ sí ìṣòro oúnjẹ àgbáyé. Àlàyé wọn ni pé omi àti náítírójìn inú ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tán kí oòrùn tó tán. O lè fún olùdáná ní ààrò tuntun, àmọ́ tí kò bá sí omi nínú ìkòkò ńkọ́?

Ìṣirò kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Nàìjíríà ló ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, ó ju mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún. Àmọ́ tí a bá pín in sórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, kì í tó 10 tọ́ọ̀nù. Ní Thailand, ó ju 20 lọ. Ewé kan náà ni. Rubisco kan náà ni. Agboòrùn tí kì í tètè pa dé yẹn wà lórí ẹ̀gẹ́ tiwọn náà. Kì í ṣe inú ewé ni ìyàtọ̀ náà wà. Ó wà nínú ajílẹ̀, nínú igi tí kò ní àrùn, nínú ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà dé oko, àti nínú pé ilé iṣẹ́ kan ń dúró láti ra ẹ̀gẹ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá hú u, kó tó bàjẹ́.

Èmi ò sọ pé kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró ní Illinois tàbí ní Wits. Tí ooru bá ń pọ̀ sí i bó ṣe ń pọ̀ yìí, ó lè di ọjọ́ kan tí a máa nílò ewé tí kò ń ṣi èrò gbé. Ohun tí mi ò gbà ni kí ìjọba tí kò tíì tún ọ̀nà oko ṣe máa sọ fún wa pé jíìnì ni a ń dúró dè.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ ra gààrí ní ọjà Yeoville. Mo ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan yìí fún ìyá tó ń tà á fún mi, nípa ewé, nípa kọ̀ńdọ́, nípa agboòrùn. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí wọ́n bá ṣe é tán, ṣé gààrí á wọ́n lulẹ̀ níbí?" Mo ní ó ṣòro, nítorí pé owó ọkọ̀ láti ilé, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ rand ló pọ̀ jù nínú iye tí à ń rà á. Wọ́n ní, "Ẹ ẹ̀ rí i?" Wọ́n wọn gààrí náà, wọn ò sì dín kọ́bọ̀ kan fún mi.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó na ọwọ́ sókè kí oúnjẹ tó dé. Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ti rí yín láti ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ na ọwọ́.